Ó Dá Mi Lójú: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Ìgbàlà Láàárín Àwọn Ará Wa ní Nyanya

Nínú ìsìn Yorùbá tí à ń ṣe ní ìjọ wa ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, èmi ni wọ́n fi kíláàsì àwọn tí ó ń múra ìrìbọmi sílẹ̀ lé lọ́wọ́, mo sì tún wà nínú ẹgbẹ́ tí ó ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Kí a tó gba ẹnikẹ́ni wọlé fún ìrìbọmi, ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi í: bí ọlọ́jọ́ bá dé lónìí, ǹjẹ́ ó dá a lójú pé ọ̀dọ̀ Olúwa ni òun ń lọ? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń béèrè rẹ̀, ìdáhùn tí mo ń gbọ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹnìkan á ní, "Alàgbà, à ń gbìyànjú, kí Ọlọ́run ṣáà ràn wá lọ́wọ́." Ẹlòmíràn á ní, "Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà? Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó máa dé ibẹ̀." Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ ni ìdáhùn wọ̀nyí. Ẹni tí a kọ́ nílé kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀ níwájú àgbà, áḿbọ̀sì níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ síwájú sí i ni mo ń rí ohun tí ó wà lábẹ́ ìrẹ̀lẹ̀ náà: ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ikú Jésù ni ó bẹ̀rẹ̀ ìgbàlà wa, ṣùgbọ́n a rò pé ìwà tiwa ni yóò parí rẹ̀. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni a ń yẹ ìwà ara wa wò láti mọ̀ bóyá Ọlọ́run ṣì fẹ́ wa, níwọ̀n ìgbà tí kò sì sí ọjọ́ tí ìwà ẹ̀dá pé, kò sí ọjọ́ tí ọkàn lè balẹ̀. Ohun tí ìrírí mi láàárín àwọn ará wa ní Àbújá kọ́ mi ni pé ìdánilójú ìgbàlà kì í ti inú yíyẹ ara ẹni wò jáde. Ó ń wá nígbà tí ènìyàn bá yí ojú sí ohun tí Kristi ti ṣe parí, tí ó sì gba Ọlọ́run gbọ́ lórí ohun tí Ó sọ nípa rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, ní ilẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ìtàn bí ìyìn rere ṣe dé ọ̀dọ̀ wa sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ la ojú mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò mú ìyìn rere wọ inú ilẹ̀ òkè Ọya lọ. Kí ọdún 1894 tó parí, àìsàn ti pa Gowans àti Kent, Bingham nìkan ni ó sì padà sílé, láìsí ìjọ kan ṣoṣo tí wọ́n dá sílẹ̀. Ó di ọdún 1902 kí iṣẹ́ náà tó fìdí múlẹ̀ ní Pàtígì, ó sì di 1908 kí míṣọ́nnárì Tommy Titcombe tó dé Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìfaradà ni wọ́n máa ń fi ikú àwọn méjèèjì yẹn kọ́ wa, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Ìgbà tí mo dàgbà ni ìbéèrè mìíràn wá sí mi lọ́kàn: bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni a ó fi wọ ọ̀run, kí ni Gowans àti Kent mú lọ? Wọn kò dá ìjọ sílẹ̀, wọn kò kọ́ ilé ìwé, ibi tí wọ́n ń lọ gan-an kò tíì gbà wọ́n. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò ju ohun tí olè orí àgbélébùú ní lọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí Jésù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ: "Lónìí ni ìwọ ó wà pẹ̀lú mi ní Párádísè." Ọ̀rọ̀ yìí sì tó wọn.

Àbújá kì í ṣe Ẹ̀gbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ibi gbogbo ni Yorùbá ti ń wá, oníkálukú sì gbé ẹ̀kọ́ ìjọ ìlú rẹ̀ dání. Nínú ọgbà ilé kan tí mo gbé rí, Onítẹ̀bọmi láti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé yàrá tí ó kọjú sí ti ọmọ Ìjọ Àgùdà láti Kàbbà, ìdílé Kérúbù àti Séráfù kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí owó ilé tàbí iṣẹ́ ìjọba bá lé ènìyàn láti Nyanya lọ sí Kubwa tàbí Lugbe, ìjọ tí ó bá súnmọ́ ọn ni yóò lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti bá òfin tuntun pàdé nípa ohun tí ó lè mú kí ó pàdánù ọ̀run. Ní ibì kan, yẹtí ni. Ní ibòmíràn, ṣòkòtò lára obìnrin ni. Ní ibòmíràn, ìdámẹ́wàá tí a kò san ni, tàbí ohun olóhun tí a mú nígbà àìmọ̀ tí a kò tíì dá padà. N kò sọ pé kí ìjọ má ní òfin, dídá ohun olóhun padà sì jẹ́ ohun tí ó tọ́, nítorí Sákéù ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka orí 19 ìwé Lúùkù dáadáa: Jésù ti sọ pé òun yóò wọ̀ sí ilé Sákéù kí Sákéù tó sọ̀rọ̀ dídá owó padà. Nítorí pé Jésù ti wọlé ni ó fi dá owó padà. Kò dá a padà kí Jésù lè wọlé. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, gbogbo ìgbà tí ó bá kó ilé ni ìgbàlà rẹ̀ yóò máa yí padà, mo sì ti rí àwọn tí ó rẹ̀ débi pé wọn kò lọ sí ìjọ kankan mọ́.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọkọ̀ lọ sí ìgboro. Ènìyàn tí ó lé ní 70 ni ó kú. Ọ̀sẹ̀ ìjìyà Olúwa ni ọ̀sẹ̀ náà, Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e ni Àjíǹde. Ní àdúgbò wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí ẹnìkan kì í ti máa gba gáréèjì náà kọjá lárààárọ̀, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ni ó kù kí wọ́n bá a lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn tí mo ti kọ́ ní kíláàsì, tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè mi nígbà náà láìfarabalẹ̀, wá ń bi èmi gan-an ní ìbéèrè náà.

Ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ fún mi pé òun àti ìyàwó òun jà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìjà yẹn ni kò sì jẹ́ kí òun tètè jáde. Ó ní, "Alàgbà, ká ní mo ti tètè dé gáréèjì ni, inú ìbínú ni mi ò bá kú sí. Níbo ni mi ò bá wà báyìí?" Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ó yé mi pé ẹ̀rù bọ́ǹbù kọ́ ni ó ń bà á jù. Ó gbà pé gbogbo ìgbà tí òun bá ṣẹ̀ ni ìgbàlà òun ń parẹ́, pé ó ń padà wá nígbà tí òun bá tọrọ ìdáríjì, àti pé àdúrà kan ṣoṣo tí ó kù fún òun ni pé kí ikú bá òun láàárín ìdáríjì kan àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Mo ka orí kejì ìwé Jòhánù kìn-ín-ní fún un: "Bí ẹnikẹ́ni bá sì dẹ́ṣẹ̀, àwa ní alágbàwí lọ́dọ̀ Baba, Jésù Kristi olódodo." Mo ní kí ó wo ìgbà tí a ní alágbàwí náà. Ọjọ́ tí a dẹ́ṣẹ̀ ni Jòhánù ń sọ, ọjọ́ tí a kò ní ẹnu láti fi gba ara wa sílẹ̀. Mo wá bi í bóyá ó rò pé Jésù dìde kúrò ní ẹ̀gbẹ́ Baba ní àárọ̀ ọjọ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jà. Mo ní kí ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀, èyí kò ní àwíjàre nínú, ṣùgbọ́n kí ó lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí Baba rẹ̀ kò lé jáde kúrò nílé.

Ẹni tí ó kọ́ mi jù lọ ni màmá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjọ. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá sí Kàdúná nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ṣì pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ ti pa, tí bàbá sì ti kú, ó kó wá sí Nyanya, ó ń ta èlùbọ́ àti gàrí. Bí ìjọ bá ní àpéjọ, òun ni yóò dáná. Bí ẹnìkan bá bímọ, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti wẹ ọmọ. N kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rò pé ìbéèrè kíláàsì ìrìbọmi lè kan Màmá. Nígbà tí àìsàn dé sí i lára, tí wọ́n dá a dúró sí ọsibítù ní Gwagwalada, ẹgbẹ́ wa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn tí a gbàdúrà tán, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ní, "Ọmọ mi, ṣé o rò pé Ọlọ́run máa gbà mí báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà bá gbogbo wa lójijì. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú ìfẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí ka iṣẹ́ rere Màmá fún un: àwọn ọmọ òrukàn tí ó tọ́, àwọn opó tí ó fún ní èlùbọ́, gbogbo ìṣọ́ òru tí kò pa jẹ. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ má kà á mọ́. Èyí tí ẹ̀ ń kà ni ẹ mọ̀. Èmi mọ èyí tí ẹ kò mọ̀." N kò gbàgbé gbólóhùn yẹn láti ọjọ́ náà. Ó fi hàn mí pé bí a bá ń ka iṣẹ́ ènìyàn fún un ní àkókò ikú, ẹ̀rù rẹ̀ ni à ń dá kún, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ó wà lódìkejì bí aláìsàn náà fúnra rẹ̀.

Mo ṣí Róòmù orí 4 ẹsẹ 5: "Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́, tí ó sì ń gba ẹni tí ó ń dá ènìyàn búburú láre gbọ́, a ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo." Ó ní kí n tún un kà. Ó bi mí pé, "Ènìyàn búburú ni ó wí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Kì í ṣe ènìyàn rere?" Mo ní, "Rárá, mà. Búburú ni ó wà níbẹ̀." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Ó dára. Ìyẹn kàn mí." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán nínú rẹ̀, nítorí ó fi kún un pé ìgbàgbọ́ òun gan-an ti rẹ̀, pé òun kò lè gbàdúrà kó pẹ́ kí oorun oògùn tó gbé òun lọ, àti pé Bíbélì kò dúró lójú òun mọ́. Mo bi í pé nígbà tí ó pọn àwọn ọmọ rẹ̀ rìn ní Kàdúná, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n jábọ́, ṣé ọwọ́ tí wọ́n fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tí ó bá ti sùn kò di nǹkan kan mú, pé ọjá ni ó gbé e ró. Mo rán an létí ohun tí àwọn àgbà máa ń wí, pé ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, mo sì ka ìlérí tí Ọlọ́run ṣe nínú Àìsáyà orí 46 fún un, níbi tí Ó ti sọ pé Òun ti gbé àwọn ènìyàn Òun láti inú ìyá wọn wá, pé títí dé ogbó, títí dé ewú, Òun náà ni yóò máa rù wọ́n. Ìgbàgbọ́ tí ó ti rẹ̀ ṣì jẹ́ ìgbàgbọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti wá ẹlòmíràn tí yóò rọ̀ mọ́ lẹ́yìn Kristi.

Ẹ̀rù Màmá kò tán lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń kà èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti ń gbọ́ ẹ̀rí púpọ̀ tí ó máa ń parí sí pé láti ọjọ́ náà lọ, ọkàn ẹni náà kò mì mọ́. Títí ó fi kú, àwọn òru kan wà tí ó ní kí ọmọ rẹ̀ pe fóònù mi, kí n tún ka Róòmù orí 4 fún òun. Mo máa ń kà á. Ohun tí ó yí padà ni pé kò bi wá mọ́ bóyá ohun tí òun ṣe tó. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ ni ó máa ń ní kí a kà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà bí ara rẹ̀ bá ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ Màmá rán mi létí John Wesley, olùdásílẹ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ó ti di àlùfáà láti ọdún 1728, ó ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ wàásù ní Georgia ní Amẹ́ríkà. Lójú omi, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1736, ìjì mú ọkọ̀ wọn. Ẹ̀rù ikú ba Wesley, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ kan láti Jámánì, àwọn Moravian, ń kọrin lọ, tọmọdé tàgbà wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, August Spangenberg, bi Wesley bóyá ó mọ Jésù Kristi. Wesley ní òun mọ̀ pé Òun ni Olùgbàlà aráyé. Spangenberg ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ pé Ó ti gba òun là? Ìdáhùn Wesley ni pé òun nírètí pé Ó kú láti gba òun là. "Mo nírètí" yìí ni "à ń gbìyànjú" tí mò ń gbọ́ ní Nyanya. Ó di ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, ní ìpàdé kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ní Jámánì, kọ sí ìwé Róòmù, kí ó tó lè sọ pé òun gbẹ́kẹ̀ lé Kristi nìkan, àti pé a ti fi dá òun lójú pé Ó ti kó ẹ̀ṣẹ̀ òun lọ. Kò sí iṣẹ́ ìsìn kan tí ó kù tí kò tíì ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Èyí ni mo fi máa ń dá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ lọ́kàn le nígbà tí ojú bá ń tì wọ́n láti sọ pé kò tíì dá àwọn lójú.

Ní ilẹ̀ òkè Ọya, ènìyàn kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín onígbàgbọ́ nìkan. Ará ilé mi kan, ọmọ Ìlọrin, Mùsùlùmí tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi ní ọjọ́ orí àti ní ìfẹ́. À ń jẹ ẹran Iléyá lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn náà ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, tí a jókòó sí ìta, ó ní, "Alàgbà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Àwa ń kírun, a ń gbààwẹ̀, a ń yọ sàká, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè là á mọ́lẹ̀ nínú wa pé òun ti wọ àlùjánnà. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ ni à ń wí. Ẹ̀yin ẹ̀ ń sọ pé ó dá yín lójú. Ṣé ìyẹn kò ní ìgbéraga nínú?"

Mo mọ rírì ìbéèrè náà, ó sì tọ́ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo ní, "Alájì, bí ó bá jẹ́ pé ìwà mi ni mò ń sọ pé ó dá mi lójú, ìgbéraga ńlá ni, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bá mi wí. Ohun tí ìwé wa sọ nínú Éfésù orí 2 ni pé: 'Nítorí oore-ọ̀fẹ́ ni a ti fi gbà yín là nípa ìgbàgbọ́, àti èyíinì kì í ṣe ti ẹ̀yin tìkára yín: ẹ̀bùn Ọlọ́run ni: kì í ṣe nípa iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàá ṣògo.' Bí ẹni tí ó fún mi bá ti sọ pé òun fún mi, bí mo bá ń wí lójoojúmọ́ pé mi ò mọ̀ bóyá ó fún mi lóòótọ́, òun ni mò ń pè ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbára lé." Ó ronú sí i. Ó ní òun kò gbà á, nítorí pé òun kò gbà pé ẹnìkan lè ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti yé òun pé kì í ṣe ara wa ni à ń yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ gan-an ni ó fi ọwọ́ kàn yẹn: àgbélébùú ni. Ìjíròrò náà ṣe mí láǹfààní, nítorí ó jẹ́ kí n rí i pé ìdánilójú tí kò bá ti inú ikú Kristi wá kò yàtọ̀ sí ẹnu líle.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó korò pẹ̀lú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí kíláàsì tí ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí púpọ̀. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n máa ń buwọ́ lu ìwé pé iṣẹ́ àgbàṣe ti parí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, owó náà sì máa ń kan òun náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí oore-ọ̀fẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀, òun yóò máa ṣe é lọ títí òun yóò fi kọ́ ilé, lẹ́yìn náà òun yóò jáwọ́. N kò fún un ní ìdánilójú kankan. Mo sọ fún un pé oore-ọ̀fẹ́ kan náà tí ó gba ènìyàn là ni Títù orí 2 sọ pé ó ń kọ́ wa láti sẹ́ àìwà-bí-Ọlọ́run, àti pé ẹni tí ó bá ń wéwèé ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì dà á láàmú, ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ó ti gba Kristi gbọ́ rí. A kò ṣe ìrìbọmi fún un nígbà náà. Òkodoro ọ̀rọ̀ ni pé ìwé Jòhánù kìn-ín-ní, tí ó sọ pé a kọ ọ́ "kí ẹ̀yin kí ó lè mọ̀ pé ẹ̀yin ní ìyè àìnípẹ̀kun," ni ó tún sọ pé ẹni tí ó wí pé òun mọ̀ Ọ́n tí kò sì pa òfin Rẹ̀ mọ́, èké ni. Èso igi kì í fún gbòǹgbò ní ìyè, ṣùgbọ́n igi tí kò so èso rárá, ó yẹ kí a wo ìdí rẹ̀.

Òdìkejì ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni ọ̀dọ́bìnrin àgùnbánirọ̀ kan tí ó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Àbújá. Kò sí àpéjọ kan tí oníwàásù ti pe àwọn tí ó fẹ́ fi ayé wọn fún Jésù síwájú tí kò ní jáde. Ó sọ fún mi pé òun kò mọ èyí tí Ọlọ́run gbà nínú gbogbo rẹ̀. Hébérù orí 6 ni ó ń dẹ́rù bà á, níbi tí a ti sọ nípa àwọn tí ó ti tọ́ ẹ̀bùn ọ̀run wò tí wọ́n sì ṣubú kúrò. Ẹsẹ náà le, n kò sì gbà pé kí a máa fò ó. Àwọn ìjọ kò fi ohùn kan túmọ̀ rẹ̀. Wesley fúnra rẹ̀ gbà pé ẹni tí a ti gbà là lè ṣubú kúrò pátápátá, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ilẹ̀ wa sì tẹ̀lé e. Àwọn Onítẹ̀bọmi àti ìjọ tèmi gbà pé ẹni tí Kristi gbà là ní tòótọ́ ni Òun yóò pa mọ́ dé òpin. Ìpàdé ńlá tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní ìlú Trent sì sọ ní ọdún 1547 pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú ìgbàgbọ́ mọ̀ pé òun ti rí oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run gbà. Èmi rọ̀ mọ́ ohun tí Jésù sọ nípa àwọn àgùntàn Rẹ̀ nínú Jòhánù orí 10, pé kò sí ẹni tí ó lè já wọn gbà kúrò lọ́wọ́ Òun. Síbẹ̀ n kò bá ọmọ náà jiyàn lórí èyí. Mo ní kí ó ka Hébérù orí 6 kọjá ẹsẹ 8, kí ó wo bí òǹkọ̀wé náà ti yí padà sí àwọn tí ó ń kọ̀wé sí, tí ó pè wọ́n ní olùfẹ́, tí ó sì ní ohun tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òun gbà nípa wọn. Mo ní kí ó wò ó pẹ̀lú pé àwọn tí a ń sọ nípa wọn níbẹ̀ ni àwọn tí ó kẹ̀yìn sí Kristi, òun sì ni ẹni tí kò lè jókòó nígbà tí a bá dárúkọ Rẹ̀.

Mo wá bi í ní ìbéèrè kan tí mo ti ń fi ṣáájú ti àtẹ̀yìnwá nínú kíláàsì mi báyìí. N kì í kọ́kọ́ béèrè mọ́ pé ṣé ó dá ọ lójú pé ọ̀dọ̀ Olúwa ni ò ń lọ. Mo máa ń béèrè pé: kí ni Jésù ṣe lórí àgbélébùú, fún ta ni, ṣé Ọlọ́run tẹ́wọ́ gbà á, báwo ni a sì ṣe mọ̀? Nígbà tí ẹni náà bá dé orí àjíǹde, tí ó sọ pé Ọlọ́run jí I dìde, mo máa ń ní kí ó ka ẹsẹ tí ó parí Róòmù orí 4, pé a fi Í lélẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wa, a sì jí I dìde nítorí ìdáláre wa. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń béèrè bóyá ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni yìí. Ọ̀pọ̀ tí kò lè dáhùn ìbéèrè ti àkọ́kọ́ ni ó ń dáhùn èyí láìṣiyèméjì, tí ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ìdánilójú tí àwọn ń wá ti wà nínú ìdáhùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn kan wà tí wọ́n gba gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n fẹ́ràn Olúwa, tí ìwà wọn sì ń jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò balẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí àpéjọ àwọn olùkọ́ni nínú ìjọ kọ ní Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1646 ti sọ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ lè dúró pẹ́, kí ó sì bá ìṣòro púpọ̀ jà, kí ìdánilójú yìí tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, inú mi sì máa ń dùn pé wọ́n kọ ọ́, nítorí kò jẹ́ kí a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní aláìgbàgbọ́. Nínú àwọn tí mo ti bá pàdé, àwọn kan kò sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọn kò jẹun, ìbànújẹ́ dì wọ́n mú láìnídìí, àwọn mìíràn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Kàdúná. Fún irú wọn, mo máa ń ní kí wọ́n lọ rí dókítà, mo sì máa ń tẹ̀lé wọn lọ bí wọ́n bá fẹ́, nítorí ọkàn tí àìsàn dè kò lè gbọ́ ìwàásù bí ó ti yẹ. A tún máa ń yan ẹnìkan nínú ìjọ tí yóò máa lọ ka Bíbélì sókè fún wọn ní ilé, láìbi wọ́n léèrè bí ó ṣe rí lára wọn, títí wọn yóò fi lè máa kà á fúnra wọn.